Ìtàn Iṣẹ́ Òmùwẹ̀ àti Ọ̀nà tí a ń Gbà Wọ Inú Rẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ń ri òpó irin mọ́ inú òkun wa, àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí kì í yé béèrè lọ́wọ́ àwa olùkọ́ bí ènìyàn ti lè di òmùwẹ̀ tí ń gba owó ọ̀yà. Wọ́n ti gbọ́ pé owó ń bẹ níbẹ̀. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan kọ́kọ́ mọ ìtàn rẹ̀, pàápàá irú iṣẹ́ yìí, tí ó jẹ́ pé ẹ̀mí ènìyàn ni a fi ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú òfin rẹ̀.

Òmùwẹ̀ kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan ń mú korobá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ omi láti bu yanrìn tí a fi ń kọ́lé, láìsí ohun èlò ìmí kankan. Agbára wọn yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èémí kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ó bá ti tán, wọ́n gbọ́dọ̀ gòkè. Ẹni tí yóò pẹ́ ní abẹ́ omi ní láti rí atẹ́gùn mí níbẹ̀.

Ní ọdún 1715, oníṣòwò irun àgùntàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Lethbridge, rí i pé òwò òun kò lọ déédéé mọ́, ọmọ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó ṣe àgbá igi kan tí omi kò lè wọ̀, ó fi dígí sí i kí ó lè máa ríran, ó sì lu ihò méjì fún apá rẹ̀. A ó tì í mọ́ inú rẹ̀, a ó sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú òkun. Atẹ́gùn inú àgbá náà tó o fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Báyìí ni ó ṣe ń kó fàdákà jáde láti inú ọkọ̀ tí ó ti rì. Bí a bá ń wá bàbá àwọn òmùwẹ̀ olówó ọ̀yà, òun ni èmi yóò fi orúkọ náà fún.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn arákùnrin Deane méjì, Charles àti John, mú àṣíborí jáde, tí a ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí láti òkè. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí òmùwẹ̀ bá ṣubú, omi a wọlé. Augustus Siebe, ọmọ Jámánì tí ń gbé ní London, ni ó so àṣíborí mọ́ aṣọ tí omi kò lè wọ̀. Láti 1839 sí 1843, Ọ̀gágun Charles Pasley fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ọkọ̀ ogun Royal George mọ́, èyí tí ó rì nítòsí Portsmouth ní 1782.

Ṣùgbọ́n àrùn kan ń bá wọn jà. Òmùwẹ̀ a gòkè wá láìní ọgbẹ́ kankan; láìpẹ́, oríkèé rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè kú. Làkúrègbé ni àwọn kan pè é. Ní 1878, Paul Bert, onímọ̀ ará Faransé, fi hàn pé náítírójìn inú atẹ́gùn ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní ibi jíjìn, tí ó sì ń hó bí ènìyàn bá yára gòkè, gẹ́gẹ́ bí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ti ń hó nígbà tí a bá ṣí i. J. S. Haldane ni ó wá ọ̀nà àbáyọ. Ewúrẹ́ ni ó kó sínú iyàrá onírin, ó fi atẹ́gùn tẹ̀ wọ́n, ó sì ń wo èyí tí yóò tiro nígbà tí a bá dín in kù. (Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín ewúrẹ́ mọ́.) Ní 1908 ó tẹ ìṣirò jáde tí ó sọ ibi tí òmùwẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí bí ó ti ń gòkè, àti iye ìṣẹ́jú tí yóò lò níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4, tí ń bá ọkọ̀ epo ṣiṣẹ́ nítòsí Escravos, dojú dé, ó sì rì sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí omi jìn tó mítà 30. Nínú ènìyàn 12, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Ìwọ̀nba atẹ́gùn tí ó há sí iyàrá kan ni ó ń mí fún nǹkan bí wákàtí 60, nínú òkùnkùn, kí àwọn òmùwẹ̀ tí ń wá òkú tó kan ọwọ́ rẹ̀. Wọn kò fà á gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbá ṣe pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn yẹn ni ìbá pa á. Àṣíborí ni wọ́n fi bọ̀ ọ́ lórí, wọ́n sì fi í sínú iyàrá onírin fún ọjọ́ méjì ó lé, títí ara rẹ̀ fi bọ̀ sípò. Síbẹ̀, ó padà kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ní 2015, tí ó fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́ dé mítà 50. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ti ẹni tí omi gbé lọ tí ó sì padà wá di òmùwẹ̀, wọn kò pa òwe tirẹ̀.

Ǹjẹ́ kí òbí tó ta ilẹ̀ oko nítorí owó ilé-ìwé, kí ó béèrè bóyá àwọn ilé-iṣẹ́ inú òkun gba ìwé ẹ̀rí ibẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àwọn tí ń mòòkùn fún ìgbádùn kò tó. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ etí, ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ọmọ náà wò. Ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́, nítorí irin ni yóò máa gé, tí yóò sì máa jó pọ̀, nínú omi tí ojú kò ti ríran. Bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí tán, kò ní bọ́ sínú omi ní ọjọ́ kejì. Ní Amẹ́ríkà, orí ọkọ̀ ni ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀: òun ni ó ń di okùn àti rọ́bà atẹ́gùn mú fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú irin iṣẹ́ rẹ̀, kí a tó rán òun náà lọ.