Abéèrè Kì Í Ṣìnà

Ìtàn géèmù orí kọ̀ǹpútà ni mo mú wá: irú èyí tí ènìyàn ń dá ṣe, tí ó ń di akọni inú ìtàn, tí ó sì ń rìn lọ síbi tí ó bá wù ú.

Ultima, iṣẹ́ Richard Garriott, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981. Ilé iṣẹ́ Bethesda ṣe Arena ní 1994, Daggerfall ní 1996, àti Morrowind ní 2002. Morrowind ni mo rọ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Kò sí ọfà tí ń tọ́ka ibi tí iṣẹ́ wà. Àfi kí ẹ bi àwọn ará ìlú, kí ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àgbẹ̀ Igbó-Ọrà ṣe ń fi ẹnu júwe ọ̀nà oko fún àlejò. Nígbà tí Oblivion dé ní 2006, ọfà gba iṣẹ́ ẹnu ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí ń kọ́ èdè. Láti 1938 ni Fágúnwà ti rán ògbójú ọdẹ wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Ní 2016, Kiro'o Games ti Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde láti inú àṣà ilẹ̀ Áfíríkà. Ta ni yóò kọ èyí tí a ó ti fi Yorùbá júwe ọ̀nà? Bí a bá dákẹ́, èdè ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wa yóò máa fi béèrè ọ̀nà, àní nínú igbó tiwa.