Ẹ̀jẹ̀ Wa àti Òṣùwọ̀n Ẹlòmíràn

Ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan lókè òkun kò pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Okun. Nígbà mìíràn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a ó sì sọ fún un pé sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kò pé. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, síbẹ̀ ẹ̀rù a bà á, a sì ba àwọn ará ilé pẹ̀lú. Níbo ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Ẹ jẹ́ kí a tọpasẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì pupa tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tí a sì ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára nígbà púpọ̀, ni wọ́n ti rí ọ̀nà mọ̀ ọ́n. Duffy ni ọkùnrin náà ń jẹ́, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe àmì náà. Ní 1955, Ruth Sanger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní New York ni kò ní àmì yìí rárá. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sọ ohun tí àìní náà ṣe: kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, kì í sábà rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ní àmì Duffy, nítorí àmì náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ju àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ nù o. Plasmodium falciparum, tí ó ń pa àwọn ọmọ wa, ilẹ̀kùn mìíràn ni ó ń gbà.)

Ṣùgbọ́n ta ni í ṣe ilẹ̀kùn sí ilé nítorí olè? Iṣẹ́ wo gan-an ni àmì náà wà fún? Kí èyí tó lè yé wa, a ní láti yà díẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ara a máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí àwọn baba wa ti ń fi àrokò ránṣẹ́, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni í dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tí àrùn kọlù ń tú àwọn purotéènì kékeré jáde, èyí tí ó bá sì ní ibi tí ó lè gbà á sí ni yóò jẹ́ ìpè náà. Ní 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann rí ọ̀kan nínú wọn ní Mill Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ ọ́ ní interferon. Ìyọnu ńlá ni rírí rẹ̀ kó jọ: láti inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ ni Kari Cantell ti ń yọ ọ́ ní Finland, díẹ̀ ni ó sì ń jáde, kò sì mọ́ dáadáa. Ní 1980 ni Charles Weissmann àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Zurich fi àbùdá ènìyàn tí ó ń pàṣẹ interferon sínú bakitéríà, bakitéríà sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe purotéènì ènìyàn. Lójú tèmi, àrà ni èyí. Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe irú àwọn purotéènì bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀, ní mímọ́, fún àwọn olùwádìí.

Interleukin-8, tí a mọ̀ ní 1987, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ni ó ń pe neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tí í kọ́kọ́ dé ojú ìjà. Ní 1993, Richard Horuk, pẹ̀lú Miller tí a ti dárúkọ àti àwọn mìíràn, da purotéènì yìí pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ó lẹ̀ mọ́ èyí tí ó ní àmì Duffy. Kò lẹ̀ mọ́ èyí tí kò ní in. Nígbà tí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn, kòkòrò ibà ọ̀bọ tí wọ́n fi dán an wò kò rí àyè wọlé mọ́. Ibi tí a ti ń gba àrokò ara ni olè ti sọ di ọ̀nà.

Ní 1995 a mọ̀ pé ìyípadà ẹyọ kan ṣoṣo nínú àbùdá ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa ní àmì yìí. Nínú ìdílé Yorùbá 30 tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ àgbáyé tí a ń pè ní HapMap, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2005, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ní ìyípadà náà. Ọmọ ìyá wa sì ni ará Ìbàdàn. Ní 2009 ni ọ̀rọ̀ dé ibi tí a ń lọ: ìyípadà kan náà ni ó mú kí neutrophil kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà.

Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò ni 1,500 neutrophil nínú maikirólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ara àwọn ènìyàn tí ó ní àmì Duffy ni a sì ti mú un jù. Ẹni tí kò ní in lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí àrùn má sì ṣe é ju ẹlòmíràn lọ. Síbẹ̀ a ti tìtorí iye yìí dín oògùn jẹjẹrẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kù, a ti gún eegun wọn láti wo mùdùnmúdùn rẹ̀ láìnídìí, a sì ti fi clozapine, oògùn àìsàn ọpọlọ tí ó le, dù wọ́n. Ní 2015 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó gbà pé kí irú wọn lè bẹ̀rẹ̀ clozapine bí iye náà bá tó 1,000.

Neutrophil a máa kéré nítorí àìsàn pẹ̀lú, dókítà ni yóò sì mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó ń fi àmì Duffy hàn wà, ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sì lè béèrè fún un kí wọ́n tó gún eegun rẹ̀.