Free Frank: Àgbẹ̀ Tó Fi Oko Ra Àwọn Ọmọ Rẹ̀ Padà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ká ní ẹrú ni yín, tí aya yín náà jẹ́ ẹrú, tí ẹ wá fi òógùn ojú kó 800 dọ́là jọ, ta ni ẹ óò kọ́kọ́ rà padà nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò ní òun á kọ́kọ́ ra ara òun, pé bí ọwọ́ òun bá ti tú, òun á ráyè ṣiṣẹ́ ra ìyàwó. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1817, ẹrú kan tó ń jẹ́ Frank, ní ìpínlẹ̀ Kentucky nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lucy ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rà. Òun fúnra rẹ̀ tún ṣẹrú fún ọdún méjì sí i.

Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló fà á o. Òfin ilẹ̀ náà nígbà yẹn ni pé ipò ìyá ni ọmọ ń bá wáyé. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ, ì báà jẹ́ ọba ni bàbá rẹ̀. Frank mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún 1777 ni wọ́n bí i ní South Carolina. Juda ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé wọn, òyìnbó tó ni ìyá náà, George McWhorter, ló bí i. Bàbá lómìnira, ọmọ sì jẹ́ ẹrú bàbá rẹ̀! Oyún wà nínú Lucy nígbà tí Frank sanwó yẹn. Nígbà tí ó bí Squire, ọmọ náà kò jẹ́ ti olówó kankan. Owó ẹnì kan ra ènìyàn méjì.

Níbo ni ẹrú ti rí 800 dọ́là? Ní 1795 ni olówó rẹ̀ mú un lọ sí Pulaski County ní Kentucky, níbi tí ó ti fẹ́ Lucy, ẹrú ará ilé kejì, ní 1799. Nígbà tó yá, olówó náà kó lọ sí ibòmíràn, ó sì fi oko sílẹ̀ fún Frank láti máa bójú tó. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ó gbà kí Frank máa gba iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, kí ó sì máa mú nínú owó rẹ̀ wá fún òun. Àwọn bàbá wa ní ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà a máa ní ìgbà tí ó ń ṣe tara rẹ̀. Ẹrú Kentucky ní láti sanwó kí ó tó lè lo ọwọ́ ara rẹ̀. Frank wá dá iṣẹ́ kan sílẹ̀: ó ń wa erùpẹ̀ nínú ihò àpáta, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì ń sè é títí yóò fi di iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1812, ọjà ẹ̀tù sì gbóná. Bó ṣe rí owó Lucy nìyẹn. Ní 1819, ó san 800 dọ́là mìíràn lórí ara rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1820, “Free Frank” ni wọ́n kọ sílẹ̀, ìyẹn Frank tó ti dòmìnira.

Ó kù o. Ọmọ mẹ́rin tí Lucy bí kí ó tó dòmìnira ṣì wà lóko ẹrú: Juda, Sally, Solomon, àti Frank kékeré. Frank kékeré kò dúró de owó, ó sá lọ sí Kánádà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá kò lè padà wá wo ojú ìyá rẹ̀. Ní 1829, bàbá rẹ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ iyọ̀ ẹ̀tù yẹn kalẹ̀, ó fi dípò òmìnira ọmọ náà. Ohun tí ń wọlé fún un ló tà yẹn. Mo kàn sáárá sí i níbí.

Ní 1830, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní ó di Illinois. Lucy bá a lọ, pẹ̀lú Frank kékeré, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n bí lómìnira: Squire, Commodore àti Lucy Ann. Juda, Sally àti Solomon dúró sẹ́yìn lọ́wọ́ olówó wọn. Ẹ fojú inú wo àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìgbà tí òtútù lọ ní 1831 ni wọ́n dé Pike County, láàárín odò Mississippi àti odò Illinois. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí àdúgbò Hadley. Pápá ńlá tí òyìnbó ń pè ní prairie ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe koríko ẹ̀yìnkùlé o! Koríko tó ga ju àgbàlagbà lọ ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì rìn jìnnà nísàlẹ̀, ó wé mọ́ra bí ẹní. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó lọ́ràá, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ irin ìtulẹ̀ bí ẹ̀kọ. Akọ màlúù ni yóò fà á, àgbẹ̀ á sì máa dúró léraléra láti ha ẹrẹ̀ kúrò. Ọdún 1837 ni John Deere tó ṣe ìtulẹ̀ onírin dídán tí ẹrẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́, ní Illinois náà. Frank ẹni ọdún 54 kò rí ìyẹn lò nígbà tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbin àgbàdo àti àlìkámà, tí wọ́n sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Éékà ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25. Nítorí náà, 800 dọ́là tó san lórí Lucy ìbá ra éékà 640. Ní 1835, ó san 550 dọ́là lórí Solomon. Éékà 440 nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó yí i ká ń fi èrè wọn ra ilẹ̀ kún ilẹ̀, òun ń fi tirẹ̀ ra ọmọ.

Ṣùgbọ́n oko nìkan kò lè yá tó. Ọmọbìnrin tó wà lóko ẹrú ń bímọ, ọmọ tó bí tún di ẹrú. Gbèsè náà ń bímọ lójoojúmọ́. Ní 1836, Frank ra éékà 80 ní 100 dọ́là, ó ní kí wọ́n wọn ìlú kan sí i lórí, 144 ojúlé ilẹ̀, ó sì pè é ní New Philadelphia. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà tó gé ìlú, tó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ṣáájú ogun abẹ́lé wọn. Dúdú àti funfun ló rà á, wọ́n kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó sì sọ ọ́ gbangba pé owó ilẹ̀ náà lòun máa fi ra àwọn ọmọ òun.

Ẹ má rò pé ibi ìrọ̀rùn ni Illinois o. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí dúdú jẹ́rìí lòdì sí funfun ní kóòtù. Missouri, ilẹ̀ ẹrú, wà lódìkejì odò Mississippi, àwọn ajínigbé sì ń rìn kiri. Ní 1837, ilé-aṣòfin Illinois fún Frank ní orúkọ ìdílé, McWorter, àti àṣẹ láti ní ohun ìní, kí ó sì lè peni lẹ́jọ́. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ló kó tó gba orúkọ bàbá tó bí i! Òun àti Lucy tún ìgbéyàwó wọn ṣe lábẹ́ òfin, torí ìgbéyàwó ẹrú kò já mọ́ nǹkan kan lójú ìjọba.

Kí ó tó kú, ó ti ra Sally, ó ti ra Juda. Àwọn kan tó kórìíra òwò ẹrú láyé ìgbà náà a máa sọ pé kò yẹ kéèyàn fowó ra ẹni tí olè jí, pé à ń fún olè lẹ́tọ̀ọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò sí lọ́jà ló máa ń ráyè fún irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Frank kú ní ọjọ́ 7 oṣù September, 1854, lẹ́ni ọdún 77. Ó fi ohun ìní sílẹ̀ kí wọ́n fi ra àwọn ọmọ-ọmọ tó kù, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì parí iṣẹ́ náà. Lápapọ̀, ènìyàn 16 ni wọ́n rà, Frank fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, ní nǹkan bí 14,000 dọ́là. Lucy dàgbà ju 90 ọdún lọ. Ojú rẹ̀ rí i nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní 1865, ó sì kú ní 1870.

Ní 1869, wọ́n la ojú irin gba apá àríwá ìlú náà, reluwé kò dúró níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń kó lọ díẹ̀díẹ̀. Juliet Walker, ọ̀kan nínú àwọn àrọ́mọdọ́mọ Frank, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1983. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí ìpìlẹ̀ ilé, àfọ́kù àwo àti bọ́tìnnì. Ní oṣù December 2022, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọgbà ìrántí orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, koríko lẹ óò kọ́kọ́ rí.