Ẹni Tí A Jẹ ní Gbèsè: Ìdápadà àti Títẹ̀lé Jésù ní Gbàgádà

Bí wọ́n bá ní ẹnì kan jẹ́ ọmọ ìjọ Deeper Life, aṣọ ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn: obìnrin tó borí, tí kò fi yẹtí sétí, tí kò kun ètè. Àwọn mìíràn á rántí ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ èèwọ̀ nílé wọn. Lójú tèmi, a ti dúró pẹ́ jù nídìí èyí. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìjọ tó fi Gbàgádà ní Èkó ṣe olú ilé yìí tó jinlẹ̀ ju aṣọ lọ, òun ló sì lè là wá lóye jù lọ nípa gbígba Jésù gbọ́ àti títẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ náà ni ìdápadà. Ẹni tó jalè, kó dá a padà. Ẹni tó jẹ gbèsè tó sá, kó lọ san án. Ẹni tó ba ẹlòmíì lórúkọ jẹ́, kó lọ bá a, kó jẹ́wọ́, kó bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti inú ìsọjí òpópónà Azusa ní Los Angeles lọ́dún 1906 ni Florence Crawford ti jáde lọ dá ìjọ Apostolic Faith sílẹ̀ ní Portland. Ìjọ yẹn dé Nàìjíríà láàárín ọdún 1940 sí 1949 nípasẹ̀ Timothy Oshokoya, olú ilé rẹ̀ sì wà ní Anthony, tí kò jìnnà sí Gbàgádà rárá. Inú rẹ̀ ni William Fọlọ́runṣọ́ Kúmúyì, olùdásílẹ̀ Deeper Life, ti di àtúnbí lóṣù kẹrin ọdún 1964. Olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ni ní Yunifásítì Èkó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka Bíbélì nílé rẹ̀ lọ́dún 1973. Lọ́dún 1975, Apostolic Faith yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nítorí pé ó ń wàásù láìgba oyè. Ó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdápadà bá a lọ.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970, owó epo ń ya wọlé, àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji sì dé tó mú kí ọjà gbówó lórí. Nígbà tó fi máa di 1977, ìdánwò WAEC ti tú sígboro débi pé “Ẹ́kísípò”, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tó jò síta, di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà. Onímọ̀ ìtàn ìjọ Matthews Ojo ti fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ìsọjí ìgbà náà gbára lé. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ mọ bí ìwé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe jẹ́. Ẹni tó ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń jẹ́rìí nírú ìjọ yìí mọ̀ pé orí ìwé ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù, torí ẹni tó bá dá ìwé ẹ̀rí màgòmágó padà lè pàdánù iṣẹ́ tó fi ń jẹun.

Nínú àpilẹ̀kọ kan tí onímọ̀ Birgit Meyer kọ lọ́dún 1998 nípa Gánà, ohun tí àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì ń lépa ni láti já okùn tó so wọ́n mọ́ àná, pàápàá okùn ẹbí àti ti ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ruth Marshall náà gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní Nàìjíríà nínú ìwé rẹ̀ ti 2009. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún àná tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n àná mìíràn wà tó ṣì ń gbé Kétu tàbí Ṣómólú, tó lórúkọ, tí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Onídàápadà kò já okùn yẹn. Ó tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ṣẹ̀.

Ibí ni àwọn alátakò ti ń béèrè pé: ṣé èyí kò sọ oore-ọ̀fẹ́ di ohun tí à ń rà? Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Sákéù, olórí agbowó-òde inú Lúùkù orí 19. Òfin inú Léfítíkù orí 6 àti Númérì orí 5 sọ pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ yóò dá ojú owó padà, pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún. Ìlọ́po mẹ́rin jẹ́ ti olè tó jí àgùntàn tó sì ti pa á tàbí tà á, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Ẹ́kísódù orí 22. Kò sẹ́ni tó mú Sákéù, síbẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló yàn fún ara rẹ̀, yàtọ̀ sí ìdajì ohun ìní rẹ̀ tó fún àwọn tálákà. Ẹni tó ń ra ìtẹ́wọ́gbà á ná an dé ibi tó kéré jù. Sákéù kò ná an, nítorí Jésù ti pè é lórúkọ, ó ti ní òun yóò wọ̀ sílé rẹ̀, kí ó tó dárúkọ owó rárá.

Ìbéèrè tó wúwo ju èyí lọ wà. Ilé-ìwé Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ni Kúmúyì ti kàwé, níbẹ̀ náà ló ti kọ́ni, lábẹ́ Táí Ṣólàárìn, olùdásílẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ tí kò sì fi pamọ́. Òtítọ́ àti ìfara-ẹni-jìn Ṣólàárìn kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Bí aláìgbàgbọ́ bá lè ṣe òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ni Jésù wá fi kún un? Èsì mi ni pé ìgbàgbọ́ nínú Jésù ń ṣiṣẹ́ níbi tí òtítọ́ ti fọ́ tán. Láàárín wa, orúkọ ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ ni ìbá dá owó padà lóru kí ó má baà jẹ́wọ́ lójú ọ̀sán. Ẹni tó bá gbà lóòótọ́ pé Jésù ti gba òun pẹ̀lú orúkọ burúkú òun lè dúró níwájú ẹni tó jí lówó, kó sọ pé, “Ẹ dákun sà, èmi ni mo jí i,” láìmọ̀ bóyá àforíjì tàbí ọlọ́pàá ni yóò tẹ̀ lé e. Ìgbàgbọ́ ló gbé e débẹ̀, ìrìn àjò rẹ̀ débẹ̀ sì ni títẹ̀lé.

Èyí ló mú kí n takò ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà lo ẹ̀kọ́ yìí. Ní àwọn ìjọ ìwà mímọ́ kan, wọ́n á ní kí ọkùnrin oníyàwó méjì lé ìyàwó kejì lọ gẹ́gẹ́ bí ara ìdápadà. Ọ̀ràn àtijọ́ ni: àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó pé jọ sí Lambeth ní 1888 kọ̀ láti ṣèrìbọmi fún oníyàwó púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe fún àwọn ìyàwó náà nígbà mìíràn. Obìnrin tó ti bímọ sílé, tó ti bá ọkọ jìyà, tí wọ́n wá ní kó máa lọ, kí ni wọ́n dá padà fún un? Òun gan-an ti di ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ìdápadà tó bí ẹni tuntun tí a rẹ́ jẹ ti kọ ẹ̀yìn sí ìdí tí a fi ń ṣe é.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2018, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tuntun Deeper Life ní Gbàgádà, tó lè gba 30,000 ènìyàn, Igbákejì Ààrẹ Yẹmí Òṣínbàjò sì wà níbẹ̀. Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹni tó dá nǹkan padà ni a ti ń gbọ́ ẹ̀rí. Púpọ̀ nínú ìwádìí wa náà, ojú ẹni tó yí padà la fi ń wò ó. Lúùkù pàápàá jẹ́ ká gbọ́ bí èrò ṣe kùn sí Sákéù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó rẹ́ jẹ tó sọ fún wa bóyá owó náà dé ọwọ́ òun. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tí àlejò kan bá dé bá a láàárọ̀ pẹ̀lú owó ọjà tí wọ́n jí lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, tó ní Jésù ló rán òun wá, kí ni yóò rò nípa Jésù náà? Ṣé owó yẹn tó o, pẹ̀lú gbogbo èlé ọdún wọ̀nyẹn? Ọ̀dọ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìwádìí tó kàn lọ.