Idẹ, Irin àti Òjé: Ìtàn Àtúnlò Nínú Àgbẹ̀dẹ

Bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àtúnlò ohun àlùmọ́ọ́nì, ọ̀pọ̀ ìwé máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni pé òkè òkun ni ó ti wá, pé orí ike àti agolo ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àgbẹ̀dẹ kò ní í gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gba Ilé-Ifẹ̀ wọlé. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, ni wọ́n ti hú àwọn orí idẹ tí òkìkí wọn kàn káàkiri ayé. Àwọn onímọ̀ gbà pé láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Ifẹ̀. Bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní àbùlà ni a fi ṣe díẹ̀ nínú wọn. Idẹ ni ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí kòtò bàbà ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá, nípa òwò tí ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ohun tí ó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé, ta ni yóò da ẹ̀rún rẹ̀ nù? Ìda oyin ni alágbẹ̀dẹ idẹ fi ń mọ àwòrán, amọ̀ ni ó fi ń bò ó. Iná á yọ́ ìda jáde, idẹ yíyọ́ á sì gba àyè rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò bá dára ṣeé fọ́, kí a sì tún un yọ́. Ohun kan náà ni à ń pè ní àtúnlò lónìí.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó mánílà, ìyẹn ẹ̀gbà idẹ tí a ń ná bí owó, wá sí etíkun wa. Wọ́n fi ra ata àti eyín erin. Wọ́n sì fi ra ènìyàn. Ní ọdún 2023, Tobias Skowronek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn mánílà tí a rí nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó rì àti lórí ilẹ̀. Òjé tí ó wà nínú wọn ni wọ́n fi tọpasẹ̀: ó bá ti àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní mu, ó sì tọ́ka sí agbègbè odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì. Owó ni àwọn alágbẹ̀dẹ Bìní yọ́ tí wọ́n fi ṣe ère. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìfi bò, nítorí pé ẹwà iṣẹ́ náà kò pa ìtàn owó náà rẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni irin gbà. Àwọn baba wa wà á fúnra wọn. Àkọsílẹ̀ C. V. Bellamy ti ọdún 1904 ṣàlàyé bí àwọn ará abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe é: wọ́n á sun òkúta irin, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á ṣàn án nínú omi, kí wọ́n tó kó o pẹ̀lú èédú sínú ìléru alámọ̀. Irin ń jẹ èédú púpọ̀, èédú náà sì ń jẹ igi púpọ̀. Nígbà tí irin Òyìnbó dé ní ọ̀pọ̀ yanturu tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ìléru kú díẹ̀díẹ̀, ó ku ìdàrọ́. Ṣùgbọ́n ẹwìrì kò dákẹ́. Irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni alágbẹ̀dẹ wá ń rọ: ewé súpíríǹgì ọkọ̀ di àdá, ó di ọkọ́. Igi tí ó yẹ kí a gé fún ìyọ́rin dín kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àti ìmọ̀ ìyọ́rin bá a lọ. Ní tèmi, àdánù ńlá ni èyí.

Ọ̀rọ̀ òjé ni ó wá le jù. Ní ọdún 2010 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn awakùsà ń lọ òkúta wúrà ní àárín ilé. Òjé wà nínú òkúta náà, ó sì pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ibi ìwakùsà nìyẹn. Ní Ògijo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́bàá Ìkòròdú, àtúnlò gan-an ni ó fa tirẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2025, àwọn oníròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ènìyàn 70 tí ń gbé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò náà: nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ní òjé tí ó lè ṣe ìpalára lára. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu.

Kì í ṣe pé bátìrì kò ṣeé tún lò láìpa ẹnikẹ́ni. Òjé ṣeé yọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àní lọ́pọ̀ ìgbà. Ìléru gbọ́dọ̀ ní ìdérí, èéfín gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá, a kò sì gbọ́dọ̀ da omi bátìrì sílẹ̀. Owó ni gbogbo èyí ń ná, ẹni tí kò bá sì ná an ni yóò tà ní ẹ̀dínwó. Ìjọba ti àwọn kan pa nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2025. Ìwádìí ọdún náà tún fi hàn pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé òjé Ògijo lọ sí Amẹ́ríkà, láti fi ṣe bátìrì tuntun.