Èdè Àjèjì Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì: Ìtàn Samba

Ní Niamey, olú-ìlú Niger, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Zongo. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, ibùsọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ni ó sì túmọ̀ sí. Sábó tí ó wà ní Ìbàdàn kò jìnnà sí irú rẹ̀. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àjèjì kì í wá ìwé gírámà kí ó tó nájà. Ó ń gbọ́ ohun tí oníbàárà béèrè, ó ń wo ohun tí ọlọ́jà gbé fún un, ó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ nǹkan, títí tí òun náà yóò fi lè fọhùn. Ọ̀nà yìí kan náà ni ó yanjú ìṣòro ńlá kan nínú ìtàn kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn sí Niamey ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè ara wọn. Láti àárín àwọn ọdún 1980, NFS tí ilé-iṣẹ́ Sun gbé jáde ni àwọn ẹ̀rọ Unix sábà fi ń pín fáìlì. Ní ti DOS, àti Windows lẹ́yìn rẹ̀, SMB ni tiwọn, èyí tí Barry Feigenbaum bẹ̀rẹ̀ ní IBM kí Microsoft tó mú un gbòòrò. Ní ọ́fíìsì tí ó ní oríṣi méjèèjì, akọ̀wé lè jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó má lè fi tẹ lẹ́tà, nítorí pé ara Unix ni a so ó mọ́. Yóò da iṣẹ́ rẹ̀ sórí díìsìkì, yóò sì rìn lọ bá kọ̀ǹpútà kejì.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Australian National University ní Canberra, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa rí fáìlì orí ẹ̀rọ Unix bí ẹni pé ọ̀dọ̀ server ilé-iṣẹ́ Digital ni wọ́n wà. Kò ní ìwé kankan tí ó ṣàlàyé èdè tí server náà ń sọ. Ó kọ ètò kékeré kan láti máa dẹtí sí ohun tí ń kọjá lórí wáyà. Ó wo ìbéèrè, ó wo ìdáhùn, ó sì kọ́ ẹ̀rọ Unix láti dáhùn bákan náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992, ó fi iṣẹ́ náà síta lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé ọ̀nà náà ní 2003, ó fi í wé ẹni tí ó wọ ilé oúnjẹ ní ilẹ̀ Faransé láìgbọ́ èdè wọn, tí ó ń wo bí agbáwo ṣe ń dá oníbàárà lóhùn. Ará Zongo kò ní nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ Samba dé ní 1994, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan sọ pé òun ni ó ni orúkọ SMBServer: Tridgell wá ọ̀rọ̀ tí ó ní s, m àti b nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ijó Brazil pàdé níbẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí gbogbo olùkọ́ èdè ti mọ̀, ìtumọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán. Lójú Unix, fáìlì tí ń jẹ́ LETA àti èyí tí ń jẹ́ leta, méjì ni. Lójú Windows, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀nà tí oníkálukú gbà ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà pamọ́ yàtọ̀ débi pé Samba ní láti tọ́jú àkọsílẹ̀ kejì. Ti ìtẹ̀wé rọrùn díẹ̀: Samba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Windows, ó tò ó sí ìlà tí Unix ń to irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí, ìyókù di ọwọ́ Unix. Akọ̀wé kò rí ìkankan nínú èyí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi Linux sórí ẹ̀rọ ògbólógbòó kan, kí ó sì sọ ọ́ di server láìsan owó ìwé-àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni èdè lè yí i padà. Microsoft ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún SMB, kò sì fi àlàyé kíkún síta fún àwọn abánidíje. Ní oṣù Kẹta ọdún 2004, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí àti òmíràn, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 497 euro lé e, ó sì pàṣẹ pé kí ó ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Microsoft pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ fìdí ìpinnu náà múlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, a san 10,000 euro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn olùkọ̀wé Samba sì rí àkọsílẹ̀ èdè tí wọ́n ti ń fi etí kọ́ fún ọdún 16. Nígbà tí Samba 4.0 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Microsoft fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ti ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dán an wò.