Àpótí Ẹrù Tó Di Ilé

Ẹrù ni wọ́n ṣe kọ̀ǹténà fún. Kí ó tó dóde, alábàárù ló ń ru ọjà wọ inú ọkọ̀ ojú omi ní àpò kọ̀ọ̀kan, ní páálí kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ sì lè dúró sí èbúté fún ọjọ́ púpọ̀ kí ẹrù rẹ̀ tó wọlé tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956, Malcom McLean, onítírélà ọmọ ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, to àpótí ńlá 58 sórí ọkọ̀ agbépo àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ideal-X, ó sì rán an láti Newark lọ sí Houston. Owó kíkó tọ́ọ̀nù ẹrù kan sínú ọkọ̀, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 6, wálẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ́ǹtì 16.

Keith Tantlinger, ẹnjiníà tí ó bá McLean ṣiṣẹ́, ló ṣe ohun tí ó sọ àpótí yìí di nǹkan tí a lè fi kọ́lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé kò sí níbẹ̀ rárá nígbà náà. Ó fi irin oníhò sí igun àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ìdè lè wọ inú rẹ̀, kí ọ̀kan sì lè jókòó lórí èkejì láìyẹ̀ bí òkun bá ń ru. Òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbé ẹrù gbogbo. Ògiri rẹ̀ kò ju irin tí ó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Nígbà tí ayé fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan, kọ̀ǹténà di ẹsẹ̀ bàtà 20 tàbí 40 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní fífẹ̀. Yàrá tóóró ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé tò léra bíi búlọ́ọ̀kù.

Òwò tí kò dọ́gba ló sọ ọ́ di àlòkù tí kò wọ́n. Ọjà ń ti Ṣáínà jáde lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ìlú tí ń rà á kò sì ní ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti kó padà. Kọ̀ǹténà òfìfo ń gba àyè nínú ọkọ̀ bí èyí tí ó kún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń kúkú jókòó sí èbúté. Ní Èkó, àwọn tí ó ti èbúté Apapa jáde di ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì: wẹ́dà gé ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i, wọ́n kùn ún lọ́dà, onígbàjámọ̀ tàbí atúnfóònùṣe wọlé. Ẹni tí ó bá ní òun ti gba kọ̀ǹténà ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù ni ará ìlú máa kọ́kọ́ rò.

Wẹ́dà Èkó kò gba ìwé ẹ̀tọ́ kankan fún ọgbọ́n yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Phillip Clark bèèrè fún tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ó sì rí i gbà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989: ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà sísọ kọ̀ǹténà irin di ilé gbígbé. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn sójà Amẹ́ríkà ní Vietnam ti ń fi àpótí Conex, tí ó kéré sí kọ̀ǹténà, ṣe ọ́fíìsì àti ibi ìsápamọ́ sí.

Ní ọdún 1998, kọ̀ǹténà 40 di ilé ibùgbé fún 120 ènìyàn ní ilé ìwé gíramà Simon's Town, nítòsí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 2001, Container City dìde létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi tò ó.

Amsterdam ni ilé kọ̀ǹténà ti wá di odindi àdúgbò. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà, ni wọ́n bá to yàrá 1,000 jọ láàárín ọdún 2005 sí 2006, wọ́n sì pè é ní Keetwonen. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé ńlá. Àwọn kan ti kọ́kọ́ ń bèèrè pé ta ni yóò gbé inú àpótí. Nígbà tí ó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń du ibẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe àwọn àpótí náà ní tuntun, fún ilé gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tí ń yin Keetwonen fún àtúnlò ti ń ṣìnà. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un kí wọ́n tó kó o lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ó kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn kọ̀ǹténà mìíràn tí wọ́n ṣe fún Amsterdam kan náà kò tilẹ̀ rí ibẹ̀ lò, nítorí ètò wọn fọ́. Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí ní 2013, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta àlòkù irin tẹ́lẹ̀, wọ́n sì di ilé 36 fún àwọn tí kò nílé lórí. Ilé búlọ́ọ̀kù kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ Onagawa ní Japan ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí a lè kọ́lé sí kò tó. Shigeru Ban, ayàwòrán ilé, to kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 sókè dé àjà kẹta lórí pápá ìṣeré, ó fi àlàfo sáàárín wọn bí ojú pátákó ìta ayò dúdú-funfun, àlàfo náà sì di yàrá gbígbòòrò. Ìdílé 189 ló ríbi gbé. Iṣẹ́ irin igun Tantlinger hàn níbí ju ibi tí wọ́n ti fi àpótí kan ṣoṣo ṣe ilé lọ.

Síbẹ̀, orí àpótí fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìnáwó pọ̀ sí. Ìpìlẹ̀, kíréènì, wáyà iná àti páìpù omi ń gba owó bíi ti ilé yòókù. Bí wọ́n bá gé fèrèsé ńlá sí ògiri, agbára rẹ̀ dín kù, wọ́n ní láti fi irin dè é padà. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní oògùn kòkòrò nínú nítorí ìrìn òkun, àwọn tí ó mọṣẹ́ sì máa ń yọ ọ́ tàbí kí wọ́n bò ó. Ohun tí wọ́n fi ń dí ooru ń jẹ nínú fífẹ̀ tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ọ́fíìsì tí ń gbẹnu sọ fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ìdílé tí ìjọba ìbílẹ̀ kó sínú kọ̀ǹténà ń jìyà ooru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù nígbà ọyẹ́. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ń ran irin bí iná, àwọn tí ó ti lò ó pẹ́ máa ń gbé òrùlé páànù mìíràn sókè orí rẹ̀, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ kọjá.